Àádọ́ta Tí Mo Kọ Ránṣẹ́ sí Ẹ̀rọ

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o. Ara mi le, ẹ má fòyà. Iṣẹ́ ń lọ dáadáa, ọ̀gá tilẹ̀ ní kí n lọ sinmi nílé ná.

Ẹ rántí ẹ̀rọ tó ń pèsè iná tí a fi ń dán nǹkan wò, èyí tí à ń tinú kọ̀ǹpútà pàṣẹ fún? Mílífóòtì, ìwọ̀n iná bíńtín, ló máa ń hàn lójú rẹ̀. Mo bá kọ àádọ́ta ránṣẹ́, mo rò pé bíńtín náà ni yóò gbé wá. Háà! Odindi àádọ́ta fóòtì ló rọ́ jáde, ìlọ́po ẹgbẹ̀rún! Nǹkan tí mò ń dán wò bú gbàù lọ́wọ́ mi! Bẹ́ẹ̀ ìwé tó ṣàlàyé àwọn àṣẹ rẹ̀ ti wí i kedere: ẹni tó bá kọ iye láìkọ ìwọ̀n tẹ̀lé e, fóòtì ni ẹ̀rọ máa kà á sí. Mo kà á, Màmá! Ojú ẹ̀rọ ni mo gbà gbọ́. Orí yín ló kó mi yọ.

Ẹ bá mi kí Bàámi. Ẹ má tíì pè mí lórí fídíò, nẹ́tíwọ̀kì ò dáa.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé a kì í na ọwọ́ òsì sí àgbà. Ẹ forí jì mí, òun ni mo fi kọ lẹ́tà yìí.