Plẹ́kò Mi Tí Ṣàmsúdéènì Tà

Màámi,

Ara mi le, ẹ má ṣèyọnu. Iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ tí mò ń ṣe níbí ń lọ dáadáa. Pásípọ́ọ̀tù mi wà lọ́wọ́ ìyàwó ọ̀gá, ó ní kò ní sọnù lọ́dọ̀ òun.

Ṣàmsúdéènì ọmọ yín ló bí mi nínú. Plẹ́kò, ẹja ọ̀ṣọ́ tí mo fi sílẹ̀ fún un nínú àpótí gíláàsì ní Ìgbògbò, ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ẹyin sínú ìkòkò amọ̀. Akọ rẹ̀ dúró tì wọ́n, ó ń fi ìrù fẹ́ omi sí wọn. Mo kìlọ̀ pé kó má fọwọ́ kan ìkòkò yẹn. Ó gbé e síta kó lè fi han àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀. Akọ sá jáde, gbogbo ẹyin bàjẹ́. Ló bá kó takọtabo lọ tà lọ́jà Benson.

Nígbà tí mo pè é, ó ní, “Àǹtí, ṣé torí ẹja lẹ ṣe ń sunkún?”

Màámi, iṣẹ́ sísin ẹja yẹn fún títà ni mo fẹ́ padà wá ṣe nílé. Òun ni mo máa ń rò tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ mi láti ìta. Torí olè ni wọ́n ṣe ń tì í.

Ẹ bá mi kí Bàbá àti gbogbo ará Ejinrin. Ẹ má bá mi kí Ṣàmsúdéènì.

Èmi ni Munirah, ọmọ yín.