Síkẹ́ẹ̀tì Ìyàwó Òyìnbó

Ìkàrẹ́, oṣù keje, 1954.

Ìyá mi, ẹ kú àtijọ́ o. Ara mi le koko. Ọ̀gá mi ló máa ka lẹ́tà yìí kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí Ọ̀kà. Wọ́n ní kí n kí yín.

Síkẹ́ẹ̀tì ayé Ọbabìnrin Fikitóríà ni mò ń rán, èyí tí Tíṣà Rachel máa fi ṣe ìyàwó òyìnbó nínú eré ìjọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ wú bí ti ẹni tó pọnmọ! Nígbà Àjíǹde, ìwọ̀n kan náà ni ìbàdí èmi àti tíṣà, torí náà ara mi ni mo fi ń díwọ̀n rẹ̀. Lánàá tíṣà gbé e wọ̀, ìkọ́ rẹ̀ ò pàdé. Ó ku ìka mẹ́ta gbáko. Tíṣà ò sì sanra sí i. Ọ̀gá ní àìfarabalẹ̀ mi ló fà á, mi ò gbọdọ̀ wálé títí n ó fi tú u rán. Aṣọ méje míràn ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Oúnjẹ wà o, ẹ má ṣèyọnu.

Ẹ bá mi kí àbúrò mi, Ìbílọlá, tó ń múra láti wá kọ́ṣẹ́ níbí. Ẹ ní kó kọ́kọ́ dúró jẹ iṣu tuntun lọ́dọ̀ yín, ti ọdún yìí àti ti ọdún tó ń bọ̀.

Ọmọ yín,
Ìyátúndé