Alàgbà Ọlábùnmí Akínọ̀ṣọ́, Ẹni Tó Ní Kí Wọ́n Ha Iṣẹ́ Ọwọ́ Òun Dànù (1962–2025)

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1962 ni Olúwa fi Ọlábùnmí ta ìdílé Akínọ̀ṣọ́ ti Eleko lọ́rẹ. Apẹja ni bàbá wọn, Ògúnbọ̀dé. Ìyá wọn, Àríkẹ́, a máa yan ẹja. Bàbá wa Ọlábùnmí ka ìwé mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà ní Ẹ̀pẹ́. Ní 1989, wọ́n fẹ́ Sẹ̀gilọlá ní ìjọ aláṣọ funfun wa ní Ajah.

Ọdún 2013 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Tájù ní Ibeju-Lekki. Níbẹ̀, wọ́n ń fi ìyẹ̀fun irú èyí tí a fi ń ṣe àwo tánganran bo irin ẹ̀rọ, kí omi iyọ̀ má baà jẹ ẹ́. Ìbọn kan tí iná rẹ̀ gbóná ju ti wẹ́dà lọ ló ń yọ́ ìyẹ̀fun náà, tó ń fẹ́ ẹ lu irin. Bí ìbọn bá jìnnà jù, ìyẹ̀fun á ti tutù kó tó débẹ̀, kò ní lẹ̀ dáadáa. Bó bá súnmọ́ jù, irin á gbóná, ìbora á sán. Bí iná bá kéré, ihò wẹ́wẹ́ á kù nínú rẹ̀. Bàbá ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan. Ìwé yẹn ni ìyàwó wọn fi kọ́ bí a ti ń kàwé nígbà tí wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún.

Ní oṣù kẹjọ 2019, wọ́n fín ọ̀pá ẹ̀rọ kan tó ń fa omi òkun. Ooru mú Bàbá, wọ́n fa ìbọn sẹ́yìn láìfura. Iṣẹ́ náà dán, mọ́tò oníbàárà sì ti wà lẹ́nu géètì. Bàbá tẹ irin pélébé àyẹ̀wò tí wọ́n jọ fín pẹ̀lú rẹ̀ wò. Ìbora rẹ̀ ṣí bí èèpo ẹ̀pà.

“Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká ha á dànù. Èmi ni mo bà á jẹ́.”

“Bàbá Lọ́lá, ta ló fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò nínú òkun? Ẹja?”

“Òkun fúnra rẹ̀ ni, Ọ̀gá.”

Ọ̀gá bínú, wọ́n gbé ọ̀pá náà jáde, wọ́n sì ní kí Bàbá lọ jókòó sílé. Ọmọ wọn, Ọmọ́táyọ̀, ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga nígbà náà. A gbààwẹ̀, a gbàdúrà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀pá náà padà dé, ìbora rẹ̀ ti ṣí. Ọ̀gá Tájù, Mùsùlùmí ni wọ́n, wá bá Bàbá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n bọ́ bàtà bíi tiwa, wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n sì ní kí Bàbá padà sẹ́nu iṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ kankan kò jáde níbẹ̀ bí Bàbá kò bá tíì yẹ̀ ẹ́ wò. A dúpẹ́.

Bàbá sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní 2025. Wọ́n fi ìyàwó, ọmọ méjì, Olúwafúnmilọ́lá (Lọ́lá) àti Ọmọ́táyọ̀, àti ọmọ-ọmọ mẹ́rin sáyé. Olúwafúnmilọ́lá ló ń di ìbọn náà mú báyìí, ìwé Bàbá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ojú ewé ọjọ́ tí ọ̀pá náà bà jẹ́, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni Bàbá kọ: “Mo jìnnà jù.”

A dúpẹ́ pé ẹ kò fi àṣìṣe yín pa mọ́. Ẹ sùn re, ọmọ Ògúnbọ̀dé apẹja. Ẹ kò dójú tì wá.