Bàbá, Ọ̀dọ̀ Yín Ni Ó Gbà Kọjá

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ìsinmi lẹ́yìn iṣẹ́ tíṣà, ẹ kú wàhálà oko ẹ̀gẹ́ tí ẹ ní ẹ fi ń najú. Ọmọ yín tó wà ní Kánádà ló kúnlẹ̀ kí yín yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣòkòtò méjì ni mo wọ̀ lé ara wọn kí orúnkún mi tó lè fara kan ilẹ̀. Màmá mi, ẹ kú ọjà Fájuyì, ẹ kú ìdúró, ẹ kú ìjókòó. Yétúndé àbúrò mi, mo kí ọ. Mo kí gbogbo ará ilé wa ní àdúgbò Adébáyọ̀, mo sì kí àwọn tiwa tó wà ní Ìgèdè, àgbà àti ọmọdé.

Bàbá, mo mọ̀ pé ẹ ó béèrè ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ìdí náà ni pé ẹ kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán lórí fóònù. Bí mo bá ti dárúkọ àìsàn báyìí, ẹ ó ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà, Màmá á máa ṣe àmín, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti kékeré mi, n kò rí ìwé tí ẹ bẹ̀rẹ̀ tí ẹ kò kà parí, ìbáà ṣe bébà tí wọ́n fi di àkàrà. Mo mọ̀ pé bírò pupa á wà lọ́wọ́ yín, ẹ ó sì máa fa ìlà sí ibi tí mo ti ṣì í kọ. Ẹ fà á. Ẹ ṣáà bá mi kà á dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ ó kọ́kọ́ rí i kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn fún gbogbo ayé. Mo fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ nítorí pé ẹbí wa pọ̀ ju àwọn tí mo ní nọ́ńbà wọn lọ, mo sì ń bẹ̀rù nítorí gbogbo wọn.

Ara ń gbádùn mi díẹ̀díẹ̀. Ibi iṣẹ́ ti gbà mí padà sí ilé àwọn arúgbó, wọn kò tíì jẹ́ kí n máa gbé ẹnikẹ́ni. Oúnjẹ ni mo ń fún wọn, mo sì ń dá wọn lára yá. Màmá àgbà kan wà níbẹ̀ tó máa ń fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè mí, mo sì máa ń jẹ́ ẹ, nítorí pé ó dára kí ẹnìkan máa pe ènìyàn ní ọmọ. Òtútù ibí kò ṣeé rò fún yín. Bí mo bá dé ilé, èmi nìkan ni, ẹ̀rọ amúlé-móoru nìkan ló ń dún. Ìgbà náà ni ọkàn mi máa ń rìn lọ sí ọ̀dọ̀ yín.

Ẹ mọ̀ nípa kókó tí wọ́n yọ ní ọyàn mi. Ẹ gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀, ẹ ṣeun. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni èyí tó tẹ̀lé e. Dókítà ní mo kéré lọ́jọ́ orí fún irú àìsàn bẹ́ẹ̀, pé ó dà bí ohun tó ń tẹ̀lé ẹbí, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, kí wọ́n sì bi àwọn ará ilé mi léèrè ọ̀rọ̀. Ilé ìwòsàn ibí kì í gbà kí aláìsàn ṣe ògbufọ̀ fún ẹbí ara rẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin ògbufọ̀ kan ṣe pe Màmá lórí fóònù nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́. Ọmọ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n ìlú òyìnbó ni wọ́n ti tọ́ ọ. Ó béèrè bóyá jẹjẹrẹ ọyàn ti mú ẹnikẹ́ni rí nínú ẹbí wa. Màmá sì dáhùn bí ìyàwó ilé Èkìtì èyíkéyìí ṣe máa dáhùn: "Ọkọ mi ni. Òun ni ó mú lọ."

Àbúrò yín ni Màmá ń wí, Bàbá. Màmá Ìgèdè ni. Láti ọjọ́ tí Màmá ti wọ ilé yín, kò pe ọmọ ilé kankan lórúkọ rí, ìbáà ṣe obìnrin, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Ọkọ ni gbogbo wọn. Ẹ rántí bí àwọn méjèèjì ṣe máa ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, tí Màmá Ìgèdè á dé ẹnu ọ̀nà, tí á ní ìyàwó òun dà, kí ó wá gbé oúnjẹ fún ọkọ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó sọ fún wọn pé jẹjẹrẹ ọyàn ló pa ọkọ ìyá mi.

Nígbà tí mo padà lọ, nọ́ọ̀sì dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní òun bá mi kẹ́dùn ikú bàbá mi.

Bàbá, mo gbà á gbọ́. Mo mọ bí a ti ń ṣe ní ilé wa. Bí ènìyàn bá kú, wọn kì í jẹ́ kí ẹni tó wà lókè òkun gbọ́. Ẹ̀yin náà fi ikú Màmá Ìgèdè pa mọ́ fún mi títí mo fi ṣe ìdánwò tán, tí Màmá ń sọ pé ó sùn, pé ó lọ sí oko, pé fóònù rẹ̀ bàjẹ́. Mo wá rántí pé ìgbà méjì tí mo pè kẹ́yìn, Màmá ní ẹ wà ní ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní àwọn ènìyàn mi ti tún ṣe é. Mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, mo ń pè yín, ẹ kò gbé e. Mo pe Yétúndé, kò gbé e. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ fi ẹ̀bẹ̀ bẹ̀ yín nígbà ayé yín ni mo ń rò. Nígbà tí ẹ wá pè padà láti oko, tí ẹ ń bínú pé ta ló ń lé mi tí mo fi pè bẹ́ẹ̀, ẹkún ni mo bú sí, n kò sì lè sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọkọ yìí fún nọ́ọ̀sì. Ó rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó yá ni ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀, ó ní, ó dára, a jẹ́ pé ọ̀dọ̀ bàbá mi ni obìnrin yẹn ti wá, kí ni ó pa ìyá bàbá mi? Mo sọ fún un nípa egbò àyà Ìyá àgbà, tí wọ́n ń fi aṣọ dì, tí kò san títí ó fi kú, tí gbogbo ilé sì gbà pé aráyé ló fi ṣe é. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wò ó, ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ṣì í túmọ̀, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí òótọ́. Nígbà tí èsì ẹ̀jẹ̀ mi dé, ohun tí dókítà sọ ni pé ọ̀dọ̀ yín ni ó gbà kọjá dé ara mi.

Ẹ má ju lẹ́tà yìí sílẹ̀, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹ ti máa ń ṣàlàyé ní kíláàsì. Ohun kan wà nínú ara wa tó dà bí ìwé, tó ń sọ bí ara ṣe máa kọ́ ara rẹ̀ àti bí ó ṣe máa tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹ̀dà méjì ni olúkúlùkù ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bí wọ́n ti ń dà á kọ láti ìran dé ìran, àṣìkọ díẹ̀díẹ̀ kì í ṣàì wọ inú rẹ̀. Ẹ ti kọ́ wa pé bí a bá yọ àmì ìsàlẹ̀ kúrò lára ọkọ, oko ni a ó kà. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àṣìkọ yìí kò ṣe nǹkan kan. Òun ni kò jẹ́ kí ojú ọmọ méjì rí bákan náà. Òmíràn tilẹ̀ ṣeni lóore. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ AS, ibà kì í tètè pa á ní kékeré, ìdí nìyẹn tí S kò fi tán láàárín àwa tí ẹ̀fọn ń jẹ. Ìgbà tí méjì rẹ̀ bá pàdé lára ọmọ kan ni wàhálà dé. Tiwa wà ní ibi tó yẹ kí ara ti máa tún ara rẹ̀ ṣe. Àmì kan ṣoṣo ló jábọ́ níbẹ̀, lára baba ńlá tàbí ìyá ńlá kan tí a kò mọ̀, gbogbo ẹni tó sì dà á kọ lẹ́yìn náà, bó ti rí i ló ṣe kọ ọ́.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ sọ pé AA ni gbogbo wa. Ẹ ti ń sọ ọ́ láti ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ti ń béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó so ọkọ pọ̀ mọ́ aya, bíi pé ẹ̀jẹ̀ wa ti gba ìwé àṣẹ. Bàbá mi, ibì kan péré ni àyẹ̀wò yẹn ń wò. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn wo yàrá kan, tó ní kò sí ejò nínú ilé.

Ẹ kò sì ní ọyàn tí a ń sọ, ẹ ó ní báwo ni ó ṣe lè jẹ́ ẹ̀yin. Ọkùnrin lè gbé e kiri títí ọjọ́ ayé rẹ̀ kí ó má ṣe é ní nǹkan kan, kí ó sì fún ọmọ. Nígbà mìíràn ó máa ń bá ọkùnrin náà jà, ní àyà tàbí ní ọ̀nà ìtọ̀. Màmá ní ẹ ń jí tọ̀ lóru ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó lè jẹ́ àgbà lásán. N kò mọ̀, àìmọ̀ yìí ló ń dẹ́rù bà mí.

N kò di ẹ̀bi rù yín o. Ẹ kò yàn án, Ìyá àgbà náà kò yàn án. Ẹnu yín ni mo fi ń sọ̀rọ̀, ìrìn yín ni mo ń rìn, agídí yín ni mo fi kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Ibi kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti wá.

Ọ̀rọ̀ Yétúndé ló kù. Ọmọ kọ̀ọ̀kan yín lè mú ẹ̀dà tó dára, ó sì lè mú èyí tó ní àṣìkọ, ọgbọọgba ni. Mo mú èyí tó ní àṣìkọ. A kò mọ èyí tí Yétúndé mú. Ìyá àgbà kò tíì pẹ́ ní ilẹ̀ tí wọ́n fi bí i, gbogbo ilé sì ní wọ́n ti dé. Ìyá mi ni ẹ ń pè é títí dòní, ẹ kò nà án rí, mo máa ń jowú rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ní kò sí ohun Ìyá àgbà tí kò mú: iwájú orí, ẹ̀rín, àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Ní báyìí, bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ bẹ́ẹ̀, mo máa ń yí ọ̀rọ̀ padà. Nígbà tí mo ní kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò, ó ní bí ó bá jẹ́ pé òun ni Ìyá àgbà lóòótọ́, òun ti mọ bí òun ṣe máa lọ, ó sì pa fóònù.

Mo bi dókítà. Ó ní ìdá kan nínú mẹ́rin ni ọmọ ń gbà lára ìyá àgbà rẹ̀, pé iwájú orí lè dé kí àìsàn má dé. Bó bá sì dé, kì í ṣe ikú. Ẹni tó bá tètè mọ̀, wọ́n á máa ṣọ́ ọ, wọ́n á tètè bá a yọ ọ́, bí wọ́n ti ṣe fún mi. Ìyá àgbà àti Màmá Ìgèdè kò tètè mọ̀.

Nítorí náà, Bàbá, owó tí mo fi ránṣẹ́ fún fẹ́ǹsì, ẹ jẹ́ kí fẹ́ǹsì dúró ná. Ẹ mú Yétúndé lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ̀yin kọ́kọ́ ká apá aṣọ yín sókè kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ yín lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ dé Ìgèdè, kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ fún àwọn ọmọ àbúrò yín. Bí ẹnikẹ́ni bá ní mo ń ṣépè fún ẹbí, ẹ ní èmi ni mo rán yín.

Ibí ni mo fẹ́ parí rẹ̀ sí. Mo ti bi Yétúndé bóyá mo lè fi orúkọ rẹ̀ síta. Ní àárọ̀ yìí, bí mo ti ń wọ bàtà iṣẹ́, ni ohùn rẹ̀ wọlé sórí fóònù mi. Ó ní: "Àǹtí mi, ẹ kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ fún Bàbá pé nǹkan kan ti wà lábẹ́ apá òsì mi láti ìgbà Àjíǹde. N kò lè wo ojú wọn kí n sọ ọ́, torí pé Ìyá mi ni wọ́n ń pè mí."

Mo ti sọ fún yín, Bàbá. Gbogbo kókó kọ́ ni jẹjẹrẹ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí Màmá bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de àdúrà kí ẹ tó jáde. Ẹ gbà á nínú mọ́tò. Bí nọ́ọ̀sì bá sì béèrè ẹni tí Yétúndé jẹ́ sí yín, mo bẹ̀ yín, ẹ má pè é ní ìyá yín. Ẹ dì í lọ́wọ́ mú kí ó gbọ́, kí ẹ sọ pé ọmọ mi ni.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ óò jẹun ọmọ pẹ́, ẹ kò ní fi ojú sunkún wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ìjọ, àwọn ará àdúgbò, àti àwọn tó bá ka lẹ́tà yìí tí wọ́n rántí ẹnìkan nínú ilé tiwọn.

Èmi ni ọmọ yín,
Bọ́sẹ̀dé