Wọ́n Ní Kí Aago Mi Má Dún Mọ́

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí Sìsí Kékeré ọmọ-ọmọ mi. Ṣé dáadáa lẹ wà, ṣé ara ọmọ náà ti le? Kí Ọlọ́run dá a sí fún wa, kí ẹ má fojú sunkún ọmọ, kí èmi àti ìyá rẹ má gbọ́ ìròyìn tí apá wa ò ní ká. Mo ti kí yín dáadáa báyìí, kí ẹnikẹ́ni má wí pé n kò kí yín, nítorí inú ń bí mi, láti òkè ìwé yìí dé ìsàlẹ̀ ni inú á sì máa bí mi.

Ìwé ni mo kọ, n kò pè ọ́ lórí fóònù, torí bí mo bá ń bínú lórí fóònù, ìdajì lò ń gbọ́, ìdajì yòókù á dúró sínú fóònù, n kò sì mọ ẹni tó ń gbọ́ ọ níbẹ̀. Àti pé láti ìgbà tí o ti ní kí ohunkóhun má dún lójijì nínú ilé, mo ti fi aṣọ òtútù mi wé fóònù náà, mo gbé e sínú ìkòkò, mo fi ọmọrí dé e. Bí o bá pè tí a ò gbé e, ìkòkò ló fà á.

Àwòrán ọkàn Sìsí Kékeré tí o fi ránṣẹ́, mo rí i. Ẹni tó ń tún aago ṣe kì í fojú lásán wo nǹkan. Mo mú awò tí mo máa ń fi sójú kan wo inú aago, mo fi wo ojú fóònù náà fínnífínní. Ọmọ mi, kò sí ọkàn níbẹ̀. Àmì kéékèèké lásán ni, pupa, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ aró, wọ́n tò wọ́n jọ bí ọmọ àgbàdo. Mo pe ìyá rẹ kó wá wò ó, òun náà ò rí ọkàn. Mo sọ fún un pé wọ́n ti rẹ́ ọmọ wa jẹ, wọ́n gbowó àwòrán ọkàn, àmì ni wọ́n yà fún un.

O ní aago inú fóònù ló dún láti jí ọmọ náà kó lọ sí iléèwé, kàkà kó jí, ńṣe ló dákú, tí ẹ sáré gbé e lọ bá dókítà. Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára, n kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. O ní dókítà ṣàlàyé pé bí ọkàn rẹ̀ bá ti lù, ó máa ń pẹ́ jù kó tó gbára dì láti tún lù, bí ariwo òjijì bá wá bá a ní àkókò yẹn, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n dípò kó lù, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé orí, ọmọ á ṣubú, ó sì lè má dìde mọ́. Ìyẹn yé mi. Ohun tí kò yé mi ni èyí tó tẹ̀ lé e. O ní àìsàn tó ṣọ̀wọ́n ni, inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé ló ń gbà wá, ìwọ náà ní in, ọ̀dọ̀ èmi tàbí ìyá rẹ lo sì ti mú un.

Ibẹ̀ ni inú ti bí mi. Mo rántí gbogbo ẹrù tí a dì fún ọ nígbà tí ò ń lọ sílé ọkọ, ìkòkò, àga, ẹ̀rọ ìránṣọ, aago ara ògiri tó dára jù nínú ilé. Èmi fúnra mi ni mo so okùn rẹ̀. Ìgbà wo ni mo ki ọkàn tó ń pẹ́ bọ inú ẹrù náà? O tún wá ní kí àwa méjèèjì lọ yàwòrán ọkàn ní ọsibítù, àti pé bí Sìsí Kékeré bá máa wá lo ìsinmi rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, aago kankan ò gbọdọ̀ dún. Nínú ilé tí gbogbo àdúgbò fi ń mọ àsìkò. Ó kù kí o ní kí ẹlẹ́ja má gbóòórùn ẹja.

Mo lọ sí ọsibítù láti lọ dá ara mi láre ni. Nọ́ọ̀sì kan tó kéré sí ọ ní kí n bọ́ ẹ̀wù, kí n sùn kalẹ̀. Ó lẹ nǹkan tútù mọ́ mi láyà, ó lẹ òmíràn mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo bi í pé kí ni ọkàn ń wá lẹ́sẹ̀, ó ní kí n dákẹ́. Ẹ̀rọ kan wá ń kọ̀wé sórí tákàdá, ìlà rẹ̀ ń gun òkè, ó ń já wálẹ̀. Mo sọ fún un tìfẹ́tìfẹ́ pé ọwọ́ ẹ̀rọ wọn ń gbọ̀n, kó jẹ́ kí n tú ẹ̀yìn rẹ̀ wò, kí n kán epo sí i, torí irin tí mo fi ń tú aago wà lápò mi. Ó gba irin náà. Ọmọ mi, ó gba irin iṣẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́, kò sì dá a padà títí mo fi wọ ẹ̀wù mi tán.

Ṣùgbọ́n ọkàn mi pé. Dókítà ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Mo jáde, mo sọ fún gbogbo ẹni tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì pé ọkàn mi pé, wọ́n sì bá mi yọ̀.

Ìyá rẹ wọlé lẹ́yìn mi. Mo ti sọ fún un pé kó má ṣe ìyọnu, pé ọkàn tèmi tó fún àwa méjèèjì, ó ní níwọ̀n ìgbà tí òun ti wọ bàtà wá, òun náà á yà á. Nígbà tí ẹ̀rọ kọ tirẹ̀ tán, nọ́ọ̀sì tí ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́ sí mi láti àárọ̀ fa tákàdá náà ya kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ. Ó lọ pe dókítà, wọ́n sì pe èmi náà wọlé. Dókítà wo tákàdá náà pẹ́, ó wá bi ìyá rẹ bóyá ó ti ṣubú rí láìjẹ́ pé nǹkan kọ ọ́ lẹ́sẹ̀.

Ìyá rẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé mi, aago ńlá ara ògiri dún lórí òun níbi tí òun ti ń gbálẹ̀, nígbà tí òun máa mọ nǹkan, ilẹ̀ ni òun wà. Láti ìgbà náà, bó bá ti kù díẹ̀ kí aago dún, òun á jáde sí ẹ̀yìnkùlé, bó bá dún tán, òun á wọlé. Ó ní òun ní àbúrò obìnrin kan tó kú ní kékeré nígbà tí ilẹ̀kùn gbá gbàgà, gbogbo èèyàn ní ìpayà ló pa á, òun ò sì gbàgbé rẹ̀ rí.

Wo ọ̀ràn. Gbogbo ìgbà tí obìnrin yìí ń jáde, mo rò pé kò ka iṣẹ́ mi sí ni. Ìyá mi rò bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú. Télọ̀ aládùúgbò wa a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó aláago ń sá fún aago, èmi náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ mi. Mo wá bi í níwájú dókítà pé kí ló dé tó jẹ́ aláṣọ funfun tí kò mọ̀ rí ló ń sọ èyí fún, tí èmi tí a jọ ń sùn, tí a jọ ń jí, ò gbọ́. Ó ní aago yẹn ló ń bọ́ wa, òun ló rán ọmọ níléèwé, ṣé kí òun wá sọ fún mi pé ohun tí mò ń fọwọ́ ara mi tún ṣe ló ń dá òun lulẹ̀? Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an tún bí mi nínú. Mo mú un lọ́wọ́, mo ní ká máa lọ sílé.

Bí a ṣe dé ilé, n kò tíì jókòó tí mo fi tú gbogbo aago ara ògiri, mo yọ agogo inú wọn. Mo yọ ti àwọn kéékèèké tó ń jí èèyàn náà, mo dà wọ́n sínú àpò, mo gbé wọn fún alágbẹ̀dẹ pé kó yọ́ wọn. Aago àwọn oníbàárà wà níbẹ̀. Oníbúrẹ́dì gba tirẹ̀ lọ, kò jí lọ́jọ́ kejì, àdúgbò ò jẹ búrẹ́dì, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ń bínú. Mo bínú jù ú lọ. Mo bi í pé ṣé torí búrẹ́dì ni kí n ṣe pa ìyàwó mi. Ó rọra lọ. Mo tún lọ bá ìyá tó ń ta oògùn, torí dókítà ní àwọn oògùn kan wà tí ẹlòmíràn lè lò, àmọ́ tí wọ́n lè dá ọkàn ìyá rẹ láàmú. Mo ní kó má ta ohunkóhun fún un láìjẹ́ pé dókítà mọ̀ sí i, ì báà ṣe oògùn ẹ̀fọ́rí. Òun náà bínú. Gbogbo ìlú ló ń bá mi bínú báyìí.

Ìwọ wá tún ń bi mí bóyá Sìsí Kékeré ṣì lè wá. Ilé ta ni kó tún lọ? Mú un wá. Àkùkọ nìkan ló kù tó ń pariwo nílé yìí, mo sì ti gbé e fún télọ̀.

Jọ̀ọ́, fi owó oògùn ìyá rẹ ránṣẹ́, torí ojoojúmọ́ ni yóò máa lò ó, àti owó ọkọ̀ tí a ó fi máa padà lọ rí dókítà. Ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà ibí ni kí o fi rán. Má fi sí báǹkì. Mo lọ síbẹ̀, wọ́n ní owó mi wà nínú ògiri, mo ki káàdì tí o fún mi bọ ihò, ẹ̀rọ náà sì ké mọ́ wa lójijì, ìyá rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọpẹ́ ni pé kò ṣubú. Mo bá ẹ̀rọ náà wí gidigidi pé kò mọ irú ẹni tó dúró níwájú rẹ̀. Ó gbé káàdì náà mì.

Tẹ́lẹ̀, aago ló ń jí wa. Ní báyìí, èmi ni mò ń jí ìyá rẹ. N kì í pè é. N óò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, n óò fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́, n óò dúró. Kó tó lajú, ẹ̀rù á máa bà mí. Bó bá lajú tán, á bi mí pé kí ló dé tí mo kọjú sí òun bí ẹni tó ń bínú. N óò ní torí pé mò ń bínú ni.

Bí ẹ ṣe máa jí Sìsí Kékeré náà nìyẹn, ọwọ́ lẹ́sẹ̀, jẹ́jẹ́. Sọ fún ọkọ rẹ pé mo ní kó máa jí ìwọ náà bẹ́ẹ̀, kó má sì kúrò níbẹ̀ títí o fi máa lajú. Ọlọ́run á ṣọ́ yín ní ojú oorun. A ó máa sùn, a ó máa jí.

Èmi ni bàbá rẹ.