Kẹ̀kẹ́ Oníná Tí Mo Gùn Lọ́jọ́ Tí O Lọ Síṣẹ́

Vale da Giesta,
Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn Máàsì.

Olegário ọmọ mi, ọkọ mi,

Mo mọ̀ pé ara rẹ yá, nítorí mo ti sọ fún Màríà Mímọ́ láàárọ̀ yìí pé n kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ṣé ò ń jẹun? Ṣé òrùlé yẹn kò jò mọ́? Èmi náà wà, orúnkún wà, ojú mi ń ríran títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ewúrẹ́, ibi tó kù, etí ló ń bá mi wò ó. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ nínú gbogbo àpótí irin tí ò ń tún ṣe, tó ń gbé ènìyàn lọ sókè bíi korobá inú kànga. Bó bá ti ń gòkè, kí ìwọ náà máa gòkè. Bó bá fẹ́ já, kí ó dúró kí o kọ́kọ́ jáde. Àmín.

Nílé, Rainha ewúrẹ́ wa ti bí ìbejì, ọ̀kan funfun, ọ̀kan dúdú, èyí tó dúdú yẹn ti ń kan ògiri. Àlùfáà ra ẹ̀rọ agbóhùnsókè tuntun, ó sì gbàgbé láti pa á lẹ́yìn Máàsì, gbogbo abúlé gbọ́ ohun tó ń sọ nípa ọbẹ̀ Adosinda. Adosinda kò gbé ọbẹ̀ lọ fún un mọ́, àwa ará àdúgbò là ń jẹ ẹ́ báyìí, kò sì burú tó bí wọ́n ṣe sọ.

Ìwé ni mo kọ, n kò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, nítorí o máa ń ní Màmá, ẹ má pariwo mọ́, bẹ́ẹ̀ èmi mọ bí Lisboa ṣe jìnnà tó, ohùn tí kò bá lágbára, yóò rẹ̀ ẹ́ lọ́nà ni. Ọ̀rọ̀ náà rèé. Ọjọ́ Sátidé tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ, tí o padà dé lálẹ́ tí o bi mí pé kí ni mo ṣe látàárọ̀, mo ní mo sùn. N kò sùn.

Ìwọ lo máa ń sọ fún mi pé bí mo bá wá, a ó yá kẹ̀kẹ́ oníná méjì, a ó gùn ún yí Lisboa àtijọ́ ká, pé o ó mú mi dé òkè níbi igi páínì tí o ti ń mu kọfí. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ń sùn, òun ni mo fi ń jí. Mo tilẹ̀ gé etí yẹ̀rì dúdú mi, mo rán an, kí ó má baà há sí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Àfi bí wọ́n ṣe pè ọ́ láàárọ̀ pé àwọn àlejò kan há sínú àpótí irin ní òtẹ́ẹ̀lì. O wò mí. Mo ní máa lọ, ọmọ mi, ẹni tó há là ń kọ́kọ́ yọ. O ní kí n sinmi, pé ọbẹ̀ wà lórí ààrò, pé a ó lọ nígbà mìíràn. Ìgbà mìíràn wo, nígbà tí bọ́ọ̀sì mi ń lọ lọ́jọ́ kejì? Ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́ síta.

Mo jókòó ti fèrèsé. Ni fóònù rẹ àtijọ́ tí o fi sílẹ̀ fún mi bá gbọ̀n. Mo gbé e jìnnà sójú, mo kà á: Olegário, kẹ̀kẹ́ yín ti wà nílẹ̀, à ń retí yín. Ọkàn mi bàjẹ́. Ẹnì kan ló dúró sínú oòrùn yẹn, ó di kẹ̀kẹ́ méjì mú, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, kò rọ́wọ́ nu òógùn. Bàbá rẹ àti èmi kò tọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Mo wọ bàtà, mo sọ wàràkàṣì kan sínú àpò tí n ó fi bẹ ẹni náà, mo sọ̀ kalẹ̀.

Ọkùnrin tó ni ilé ìyákẹ̀kẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ilé rẹ, Baltasar lorúkọ rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ń dán bí irun ìbaaka ọjọ́ ọdún. Mo ní ẹ má bínú, iṣẹ́ ló gbé ọmọ mi, ẹni tó ń dúró dè wá dà? Ó ní kò sẹ́ni tó ń dúró dè yín, Màmá, ẹ̀rọ ló kọ ìwé yẹn. Mo ní ẹ bá mi kí i, ẹ ní a dúpẹ́ sùúrù rẹ̀. Ó wò mí títí, ó ní òun á jẹ́ fún un. Mo gbé wàràkàṣì lé e lọ́wọ́ pé kí àwọn méjèèjì pín in.

Ó ní ṣé kí òun wá kó kẹ̀kẹ́ náà wọlé padà ni? Mo wo kẹ̀kẹ́ méjèèjì níbi tí wọ́n ti fẹ̀gbẹ́ kẹ́gbẹ́, àánú ṣe mí. Mo ní ẹ fún mi ní ọ̀kan. Ó ní háà, Màmá, ṣé ẹ ti gun kẹ̀kẹ́ rí? Mo ní kí wọ́n tó bí yín ni mo ti ń fi kẹ̀kẹ́ gbé wàrà sọ̀ láti orí òkè wa, kò sì ní bíréèkì. Ó ní kí n fi ìka kọ orúkọ mi sórí gíláàsì kan. Mo nu ìka ná. Orúkọ náà jáde bí ìgbà tí adìyẹ rìn lórí ìyẹ̀fun, ó ní ó dára. Mo bi í pé kí ni kẹ̀kẹ́ náà ń jẹ. Ó ní iná ni. Mo ní ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ koríko gbígbẹ o. Ó de akoto lé mi lórí aṣọ ìborí dúdú mi, mo rí ara mi nínú gíláàsì ilé ìtajà òdìkejì, mo dà bí olú inú igbó tó ń ṣọ̀fọ̀.

Bí mo ṣe fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹnì kan tì mí láti ẹ̀yìn. Mo bojú wẹ̀yìn, n kò rí ẹnì kankan. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún tì mí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ni ní ìbàdí. Ọmọ mi, ẹnì kan ṣoṣo ló tì mí bẹ́ẹ̀ rí láyé, bàbá rẹ ni, nígbà tó ń kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà ilé ọlọ, tí n kò tíì gbà fún un. Mo ní o ṣé, Anselmo. Mo sọ ọ́ sókè, àwọn ènìyàn gbọ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ni. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún ẹ̀rọ bí Anselmo ṣe ń ti ènìyàn?

Baltasar ti so fóònù mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, obìnrin inú rẹ̀ ń júwe ọ̀nà òkè fún mi. Ó ní kí n yà sósì, mo ní ẹ ṣeun. Mo ṣìnà nítorí mo ń wo odò, ó ní kí n ṣẹ́rí padà, kò bínú, kò ní etí mi di, kò dà bí àbúrò bàbá rẹ. Ibi tí ọ̀nà ti fún ni wàhálà ti dé. Ojú irin ọkọ̀ aláwọ̀ ìyeyè tó ń gbé èrò láàárín ìlú ló gbé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mi mì, mo sì nà gbalaja, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ náà ń bọ̀ lẹ́yìn mi tó ń lu aago. Ó dúró. Awakọ̀ bẹ́ sílẹ̀, ó ń pariwo bọ̀ pé wèrè wo nìyí, ta ló fún un ní kẹ̀kẹ́! Nígbà tó rí aṣọ dúdú àti ewú orí mi, ohùn rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó ní pẹ̀lẹ́, Màmá, ẹ ò farapa? Mo ní ẹ má bínú, èmi ni mo dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà yín. Ó gbé kẹ̀kẹ́ dìde, ó ní ẹ máa dábùú irin ni, ẹ má bá a rìn. Orúnkún mi tí o rí, tí mo ní ẹsẹ̀ tábìlì ló gbá mi, irin yẹn ni.

Òkè yẹn ga, Olegário. Nọ́ńbà kan wà lórí gíláàsì kékeré iwájú kẹ̀kẹ́ tó ń dín kù bí a ti ń gòkè, mo mọ̀ pé ó ti ń rẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Mo bọ́ sílẹ̀, mo fà á sábẹ́ ibòji kí ó mí. Ọkùnrin kan tó ń sun sadíìnì lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí, ó ní Màmá, kì í rẹ ẹ̀rọ o! Mo ní ohun tí wọ́n ń sọ nípa ọkọ mi náà nìyẹn, títí ó fi ṣubú sáàárín ọgbà àjàrà. Ọkùnrin náà fa àga rẹ̀ fún mi. Ó gbé sadíìnì kan lé búrẹ́dì, ó gbé e fún mi, a jẹ ẹ́ pọ̀.

Báyìí ni mo dé ibi igi páínì rẹ. Obìnrin tó ń ta kọfí níbẹ̀, Felismina, àgbà bíi tèmi, bí mo ṣe lanu béèrè omi, ó ní ohùn ará òkè yìí, mo mọ̀ ọ́n. Ó bi mí lórúkọ. Mo dárúkọ. Ó lu ọwọ́ pọ̀, ó ní Rainha ńkọ́, ṣé ó ṣì ń jẹ aṣọ orí okùn? Ewúrẹ́ mi, ní Lisboa! Ó mọ Adosinda, ó mọ afárá tó wó, ó mọ orin tí mo máa ń kọ bí mo bá ń fún wàrà. Mo ti ń rò pé Lisboa ti gbé ọmọ mi mì, n kò mọ̀ pé ọmọ mi ló ru gbogbo wa dé Lisboa.

Ó gbé kọfí fún mi, ó nawọ́ sí ògiri kúkurú tó wà lẹ́bàá igi. Ó ní ibẹ̀ lọmọ yín máa ń dúró lọ́jọ́ Ìsinmi, bí ẹ bá ti sọ̀rọ̀ tán lórí fóònù. Á kọjú sí òkè odò, kọfí rẹ̀ á tutù, òun á pààrọ̀ rẹ̀, ìyẹn náà á tutù. Ó ní ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ máa ń sọ fún un gan-an? Mo ní kò sí nǹkan, mo máa ń kí i, mo máa ń ròyìn ewúrẹ́, mo máa ń bi í pé ìgbà wo ló ń bọ̀ wálé. Ó ní ní gbogbo ìgbà? Mo ní ṣé kì í ṣe ọmọ mi ni?

Ó ń fi aṣọ nu tábìlì tí kò dọ̀tí. Ó ní ìyá mi náà máa ń bi mí bẹ́ẹ̀. Ó ní, mo máa ń dá a lóhùn pé nígbà Kérésì. Kérésì á dé, ọ̀gá mi ò ní jẹ́ kí n lọ, mo máa ní nígbà Àjíǹde. Nígbà tó yá, bí mo bá ti ní kí n pè é, àyà mi á já, ni mo bá dẹ́kun pípè. Ó ní Màmá Olegário, kì í ṣe pé mi ò fẹ́ràn ìyá mi o. Irọ́ ló tán lọ́wọ́ mi. Mo ní ìyá ńkọ́ báyìí? Ó ní àlùfáà abúlé wa ló pè mí pé ó ti lọ.

N kò lè mu kọfí náà mọ́. Mo ronú pé ọmọ mi yìí, tẹ́lẹ̀, Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń pè mí. Láti ìgbà Lẹ́ńtì ni Ọjọ́rú ti lọ, fóònù ni mo sì ń dá lẹ́bi, mo ń gbé e sójú fèrèsé kí ó lè ríran dáadáa.

Mo lọ dúró níbi ògiri rẹ. Òkúta rẹ̀ ń dán níbi tí àwọn ènìyàn ń gbé ìgbọ̀nwọ́ lé, mo gbé tèmi lé e. Mo wo òkè odò bí o ṣe ń wò ó. Òrùlé pupa ni mo rí, òrùlé lórí òrùlé, aṣọ tí wọ́n sá, ọkọ̀ ojú omi, àti odò tó fẹ̀ bí òkun. N kò rí abúlé wa. Mo fẹ́ kí ó yọ, kì í ṣe nítorí tèmi, nítorí ojú rẹ tó ti ń wá a láti ọjọ́ yìí. Nílé, èmi máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́, mo máa ń kọjú sí ibi tí bọ́ọ̀sì ń gbà bọ̀. Ìwọ náà ń dúró níbí, o kọjú sí mi, gbogbo oko àti òkè ilẹ̀ yìí wà láàárín wa. Àárò rẹ sọ mí níbẹ̀ ju bó ṣe ń sọ mí nílé lọ, bẹ́ẹ̀ ìlú kan náà la wà lọ́jọ́ yẹn, ò ń yọ àlejò nínú àpótí irin níbì kan nísàlẹ̀ mi.

Nígbà tí mo ń sọ̀ kalẹ̀, kẹ̀kẹ́ kò tì mí mọ́. Mo ń retí ọwọ́ náà, kò wá. Baltasar ní bó ṣe máa ń ṣe ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nìyẹn, òkè nìkan ló ti ń ranni lọ́wọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo fọwọ́ pa àga kẹ̀kẹ́ náà lára, mo lọ gbé ọbẹ̀ kaná.

O dé, gírísì wà létí rẹ, o jẹun ìlàjì, o sùn lọ lórí àga. Mo bọ́ bàtà rẹ. Mo wò ọ́ títí. Ìbéèrè tí mo gbé wá láti ilé wà lẹ́nu mi, mo gbé e mì.

Ìdí nìyẹn, ọmọ mi, tó fi jẹ́ pé ní ibùdókọ̀ lọ́jọ́ kejì, nígbà tí o bẹ̀rẹ̀ pé Màmá, nígbà Kérésì, mo fi ọwọ́ bò ọ́ lẹ́nu. O rò pé inú ló bí mi, mo rí i lójú rẹ bí bọ́ọ̀sì ṣe ń lọ, ó sì ń dùn mí láti ọjọ́ yẹn. Inú kò bí mi. N kò fẹ́ kí o ná irọ́ kankan lórí mi mọ́ ni. N kò ní bi ọ́ ní ìgbà tí o ń bọ̀ mọ́. Ṣáà máa pè mí. Sọ ohun tí o jẹ fún mi, sọ ẹni tó há sókè àti ẹni tó há sílẹ̀, bí o kò bá sì rí ọ̀rọ̀ sọ, jẹ́ kí n gbọ́ bí o ṣe ń mí, n ó máa ro oko mi lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Mo ti fa kẹ̀kẹ́ mi àtijọ́ jáde nínú abà, táyà rẹ̀ ti di oúnjẹ eku, bí o bá lè fi díẹ̀ ránṣẹ́, mo fẹ́ máa gùn ún dé ilé ọlọ. Fi lé awakọ̀ bọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Má fi sí báńkì, wọ́n ti kó báńkì ìlú wa lọ, ihò kan ni wọ́n fi sílẹ̀ lára ògiri, wọ́n ní kí a tọwọ́ bọ̀ ọ́ kí owó jáde, èmi kì í sì í tọwọ́ bọ ihò tí n kò mọ ohun tó ń gbé inú rẹ̀.

Ọlọ́run tó mọ ọ̀nà òkè tó mọ ti ìsàlẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ há. Ọwọ́ tí ò ń nà sí àlejò tó há, ọwọ́ rere ni yóò máa nà sí ọ. O kò ní ṣiṣẹ́ jẹ òógùn lásán. N ó fojú mi rí ọmọ rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Etelvina.

Ọ̀pọ̀tọ́ ẹ̀yìn ilé ìdáná ti ń pọ́n, àwọn ẹyẹ kò tíì mọ̀. N kò béèrè nǹkan kan o.