Fóònù Tí Bọ̀dá Kò Gbé

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Yorùbá nìkan nínú ìwé yìí, torí kò tíì yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Bí mo bá ṣì í kọ, bébà ò mọ ẹ̀rín-ín rín. Èjìká — ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé kámẹ́rà — ti gbà. A máa ya fíìmù kékeré nípa iná tó pa Àǹtí mi nílé iṣẹ́ ìránṣọ. Wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láti ìta. Ẹni tó ni ilé iṣẹ́ náà ò gbọdọ̀ gbọ́. Kò sí ìwé eré — ohun tó bá wá sí kálukú lẹ́nu ni yóò sọ.

Ọjọ́rú, 5
Bọ̀dá Aránṣọ, ọkọ Àǹtí, ní àwọn á ṣe ara àwọn nínú fíìmù náà. Mọ́mì ní ká má lọ tú egbò. Bọ̀dá ní, "Èyí tí kò tíì jinná, kí la fẹ́ tú níbẹ̀?"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá. Èjìká ní kí wọ́n kàn ṣe bí ẹni ń ránṣọ. Wọ́n wò ó. "Ṣé ìwọ náà á ṣe bí ẹni ń mí?" Wọ́n fi epo sí ẹ̀rọ, wọ́n ń rán sòkòtò oníbàárà gidi.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an: Àǹtí pè wọ́n lórí fóònù láti inú èéfín, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ariwo ẹ̀rọ ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Nínú fíìmù, èmi ni Àǹtí. Mo dúró sẹ́yìn ilé, mo pè. Ó yẹ kó dún títí ni.

Bọ̀dá gbé e.

Gbogbo Yorùbá mi sá lọ.

Wọ́n ní, "Ṣé o ti jẹun?"

Mo ní, "Mo ti jẹun."

"Ó dáa. Máa bọ̀ nílé."

Èjìká gbàgbé láti pa kámẹ́rà.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Mo wo ohun tí a yà lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọjọ́rú, 12
Èjìká ní ká fi ibi tí Bọ̀dá ti gbé fóònù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó dùn ju òótọ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí èyí bá jẹ́ irọ́, àwọn tó ti ìlẹ̀kùn á ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́ fún Bọ̀dá?

Bọ̀dá fúnra wọn ló pè nírọ̀lẹ́. "Ẹ jẹ́ ká tún un yà. Mi ò gbé e lọ́jọ́ iná náà."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Mo pè lẹ́ẹ̀mẹrin. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n rán ìṣẹ́tí sòkòtò náà parí.

Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n fi ti àkọ́kọ́, èyí tí àwọn ti dáhùn, sórí fóònù àwọn. Káwọn èèyàn wo òótọ́, ìyẹn tàwọn ni.

Mo ní, "Bọ̀dá, ohùn mi ló wà níbẹ̀ o, kì í ṣe ti Àǹtí."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Ohùn tèmi ni mo fẹ́ máa gbọ́."